Òrùlé mi léfòó lórí ògiri nínú Revit, ẹ gbà mí

ỌmọDráfítì, Òṣogbo
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ilẹ̀ kan ni mò ń yà nínú Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, mítà 12 ní gígùn, mítà 9 ní ìbú. Òrùlé rẹ̀ dà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dígírì 25, ó sì yọ kọjá ògiri ní 600. Mìlímítà ni gbogbo nọ́ńbà mi, àfi èyí tí mo bá pè ní mítà. Mo fi lẹ́fẹ̀lì òkè (ìlà gíga tí ètò náà ń tẹ̀ lé) sí 3000, mo gbé òrùlé lé e. Ìgbà tí mo ṣí section (àwòrán ilé bí ẹni pé a là á láti òkè dé ilẹ̀), òrùlé ò fara kan ògiri rárá. Àlàfo tó wà láàárín wọn, ológbò á gba ibẹ̀ kọjá láì bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ Attach Top, ògiri na ọrùn dé òrùlé, ọkàn mi balẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí sáìtì.

Àná ni bíríkìlà pè mí. Ó ní irú ògiri tí mo yà yìí, kí n máa bọ̀ wá kọ́ ọ fúnra mi. Ìṣòro kejì ni ìloro iwájú: ògiri rẹ̀ gún òrùlé lu, ó yọ orí síta bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Níbo ni mo ti ṣìnà?

ÌyáAyàwòrán, Ìbàdàn
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Báwo lo ṣe fa ìlà òrùlé náà? Ṣé Pick Walls lo lò, tí o kàn ń tẹ ògiri kọ̀ọ̀kan, tí o kọ 600 sínú Overhang (ìyọsíta), àbí o fi ọwọ́ ara rẹ fa ìlà yí ilé ká?

ỌmọDráfítì
Ọwọ́ ni mo fi fà á, mà. Mo sún kúrò lára ògiri ní 600, mo fa ìlà mẹ́rin, mo tẹ Finish.

ÌyáAyàwòrán
Ibẹ̀ gan-an ni. Revit ò mọ̀ pé ògiri kankan wà nítòsí ìlà tí o fi ọwọ́ fà. O ní kí òrùlé bẹ̀rẹ̀ ní 3000, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 3000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìlà rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ní etí òrùlé, 600 sí ìta ògiri. Láti ibẹ̀ ló ti ń gun òkè bọ̀. Kó tó dé ojú ògiri, ó ti gòkè ní 600 lọ́nà tan 25, ìyẹn iye tí òrùlé ń gòkè fún ẹyọ kan tó bá wọlé. Tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ: tan 25 jẹ́ 0.466, ohun tó sì jáde jẹ́ 280. Lọ wọn ọ̀nà ológbò rẹ yẹn wò.

Bó bá jẹ́ pé Pick Walls lo lò, ìlà náà á mọ ògiri tó ni ín. Ojú ògiri ni òrùlé á ti jẹ́ 3000, etí rẹ̀ lá wá rẹlẹ̀ sí 2720. Nọ́ńbà kan náà, dígírì kan náà, ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

ỌmọDráfítì
Mà! 280 géérégé ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n ni.

ÌyáAyàwòrán
Ó dáa. Má tíì pa òrùlé rẹ́. Kọ́kọ́ yan àwọn ògiri, tẹ Detach Top/Base kí wọ́n padà sí gíga tiwọn, nítorí Attach ò wo nǹkan kan sàn, ó kàn fi aṣọ bo ojú egbò ni. Lẹ́yìn náà kó o wọ Edit Footprint, pa ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, tẹ Pick Walls, kọ 600 sí Overhang, fi àmì sí Extend to wall core kí rẹ́ńdà (sìmẹ́ǹtì tí a fi ń bo ara ògiri) má bàa wọ inú ìṣirò rẹ.

Nǹkan kan wà nínú Properties òrùlé tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà: Rafter or Truss. Orúkọ náà ń tan èèyàn jẹ. Kò ní kí o wá fi truss (férémù igi òrùlé) kọ́lé o. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé, ojú ògiri wo la ti ń wọn gíga òrùlé? Bó bá jẹ́ Rafter, ojú ti inú ilé ni. Bó bá jẹ́ Truss, ojú ti ìta. Ògiri rẹ jẹ́ 225, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 225 lọ́nà 0.466, tó jẹ́ 105. Òrùlé tí ìlà rẹ̀ bá jẹ́ ti ọwọ́, èyí ò kàn án rárá, o lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú.

BíríkìlàÀgbà
Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń gbé búlọ́ọ̀kù sọ tèmi. Èmi kọ́ ló pe ọmọ yìí o, ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹ fẹ́ràn 3000 bí ẹni pé òfin ìwé mímọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù náíìnì-íńṣì ga ní 225. Fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì 25 lé e, kóòsì kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan, jẹ́ 250. Láti orí Jámánì flọ́ọ̀ (kọnkéré ilẹ̀ ilé), kóòsì 9 kí á tó dé líńtẹ̀lì (kọnkéré orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé), 2250. Líńtẹ̀lì fúnra rẹ̀ 225, ó di 2475. Kóòsì méjì lórí líńtẹ̀lì, 2975. Mẹ́ta, 3225. Níbo ni 3000 ti fẹ́ jáde níbẹ̀? Síbẹ̀ 2975 sí 3000, a lè fi àpòpọ̀ gbé e mì. Ṣùgbọ́n 3280 tó wà nínú àwòrán yẹn, ó fi 55 kọjá kóòsì tó gbẹ̀yìn. Kò sí búlọ́ọ̀kù tó ń jẹ́ 55. Ṣé kí á máa gé e bí búrẹ́dì yí ilé po ni?

Ẹ sì wo owó onílé. Ilé mítà 12 sí 9, àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 42. 280 tó lé yẹn lọ́nà mítà 42 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ògiri mítà 12 níbùú lóròó. Búlọ́ọ̀kù bí ọgọ́rùn-ún nìyẹn, láì tíì ka sìmẹ́ǹtì. Ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀?

ỌmọDráfítì
Bàbá, ẹ má bínú. Lóòótọ́ mi ò ka kóòsì rí. Lẹ́fẹ̀lì tí mo bá nínú template (fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tó ti wà nílẹ̀) ni mo kàn yí sí 3000.

BíríkìlàÀgbà
Ta ló ń bínú? Bi onílé bóyá àjà gíga ló fẹ́. Bó bá fẹ́ ẹ, mú 3225. Bí kò bá fẹ́ ẹ, 2975. Kò sí ti àárín.

ÌyáAyàwòrán
Bàbá ti sọ ọ̀kan pàtàkì tó fẹ́ kọjá wa: láti orí Jámánì flọ́ọ̀. Fún lẹ́fẹ̀lì ní orúkọ tó jọ iṣẹ́ rẹ̀, má fi wọ́n sí Level 1, Level 2. Tèmi máa ń jẹ́ Ilẹ̀ Ìta, Jámánì Flọ́ọ̀, Orí Táìlì, Orí Ògiri. Táìlì àti ìtẹ́ sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ lè gba 60. Ẹni tó wọn 3225 láti orí táìlì ti gbé ògiri sókè ní 60 láì mọ̀, bíríkìlà á sì tún pè é lórí fóònù. Gbogbo ògiri ìta, Base Constraint wọn Jámánì Flọ́ọ̀, Top Constraint wọn Orí Ògiri. Mi ò gba Unconnected, gíga tí kò so mọ́ lẹ́fẹ̀lì kankan, láyè nínú ọ́fíìsì mi, àfi ògiri ọgbà.

Kápẹ́ńtàAláàánú, Ìwó
Ẹ kú ìjókòó. Ìyá, òtítọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé igi mi. Orí ògiri kọ́ ni rafter, igi gẹ̀rẹ́ tó gbé òrùlé, ń jókòó sí. Wall plate, igi tí a tẹ́ sórí ògiri, wà láàárín wọn. Bí mo bá tẹ́ igi 2 nípa 4 síbẹ̀ gbalaja, ó ga ní íńṣì 2, ìyẹn 50. Nítorí náà ìsàlẹ̀ òrùlé nínú kọ̀ǹpútà yẹn gbọ́dọ̀ wà ní 50 lókè ògiri.

Lórí ọ̀rọ̀ ojú inú, ojú ìta: rafter tí a ò gé ẹnu sí, etí ìta wall plate ló máa ń jókòó lé, nítorí ibẹ̀ ni abẹ́ rẹ̀ ti kéré jù. Bí wall plate bá dọ́gba pẹ̀lú ojú ìta ògiri, ti ìta ni kí ọmọ náà mú. Èmi máa ń tẹ́ tèmi sí àárín ògiri, nígbà náà etí rẹ̀ fi bí 62 wọlé, òrùlé á sì fi nǹkan bí 30 rẹlẹ̀ sí i ní ojú ìta. Ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́, rẹ́ńdà á bò ó. Ṣùgbọ́n 105 kì í ṣe ohun tí rẹ́ńdà ń bò.

ÌyáAyàwòrán
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọmọ mi, gbọ́ bí wàá ṣe kọ ọ́: Base Level, Orí Ògiri. Base Offset From Level, 50. Rafter or Truss, mú Truss. Má sì lo òrùlé Generic tó bá template wá, ó sanra ju ohun tí kápẹ́ńtà wa ń kàn lọ. Ṣe tìrẹ: rafter 100, purlin (igi tí a ń kan páànù mọ́) 50, páànù lórí. Bí òrùlé bá sanra ju, fascia (pákó etí òrùlé) rẹ á fẹ̀ ju, onílé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ ìdí tí ilé òun fi dé fìlà tó tóbi jù ú lọ.

ỌmọDráfítì
Mo ti ṣe é, mà, 3225 ni onílé mú. Ó bọ́ sí i! Ìloro ló kù. Ó jẹ́ mítà 3 ní ìbú, òrùlé tirẹ̀ náà dígírì 25, ìyọsíta 450. Mo ti rí i pé ògiri rẹ̀ wà ní Unconnected 4000. (Ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan.) Mo ti yí i. Ṣùgbọ́n fascia rẹ̀ ò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé.

ÌyáAyàwòrán
Mi ò sọ nǹkan kan.

Bí wall plate méjèèjì bá dọ́gba, tí dígírì sì dọ́gba, ìyọsíta ló ń pinnu ibi tí fascia máa wà. Ti ilé jìnnà ju ti ìloro lọ ní 150. 150 lọ́nà 0.466, 70. Nítorí náà fascia ìloro fi 70 ga ju ti ilé lọ. O ní láti yan: sọ ìyọsíta ìloro di 600 kí ohun gbogbo bára mu, tàbí kí o lo Align Eaves, kí o sì ka ohun tó ń bi ọ́ dáadáa, nítorí ọ̀nà méjì ló ní. Adjust Overhang ń yí ìyọsíta, kò fọwọ́ kan gíga. Adjust Height ń gbé òrùlé sókè sódò, ìgbà náà wall plate rẹ ti kúrò níbi tí bíríkìlà kọ́ ọ sí. Èmi á mú 600.

Ní ti bí òrùlé kékeré ṣe ń wọ ńlá: ìdajì ìbú ìloro jẹ́ 1500, nítorí náà ṣóńṣó rẹ̀ fi 700 ga ju wall plate lọ. Òrùlé ńlá náà máa ń dé 700 yẹn ní 1500 sí inú láti ojú ògiri. Ibẹ̀ ni kí Join Roof pàdé. Bó bá pàdé níbòmíràn, wá lẹ́fẹ̀lì tó yàtọ̀, má fa òrùlé náà lọ́wọ́.

ArchiCADNìkan, Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin ará Revit, ẹ ń jìyà o. Nínú ArchiCAD tiwa, òrùlé ní Pivot Line, ìlà kan tí òrùlé ń yí lé. Níbi tí o bá fi í sí, ibẹ̀ ni gíga tí o kọ wà, dígírì ì báà jẹ́ 5 tàbí 45. Mo máa ń fi í sí ojú ìta ògiri gan-an, ìyọsíta á wá tẹ̀ lé e. Story Settings wà ní Ctrl+7, ògiri á so mọ́ story òkè, Trim Elements to Roof á gé èyí tó bá yọ. Ó tán.

Kápẹ́ńtàAláàánú
Ó tán, àbí ó kù? Àwòrán ArchiCAD kan dé ọwọ́ mi lọ́dún tó kọjá, ìlà yẹn wà ní àárín ògiri níwájú ilé, ó wà ní ojú inú lẹ́yìn. Ṣóńṣó òrùlé ò sí láàárín ilé. Èmi ni mo tún un ṣe pẹ̀lú okùn.

ArchiCADNìkan
Ọ̀gá, ẹni tó yà á ló jẹ̀bi, kì í ṣe ArchiCAD 😀

Àdìsá_Houston
Ẹ kú àárọ̀ láti ibí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wa. Chief Architect ni mò ń lò níbi iṣẹ́, ó sì yàtọ̀: gíga àjà yàrá ló ń darí òrùlé. O yí àjà yàrá kan, òrùlé orí rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ó lè wá já sí méjì lójú rẹ láì jẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Bí àjà pálọ̀ bá ga ju ti yàrá, tí o sì fẹ́ kí òrùlé wà ní dídọ́gba, lọ sí Build Roof, fi àmì sí Same Roof Height at Exterior Walls. Same Height Eaves tó wà níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà o. Etí ni ìyẹn ń dọ́gba.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ní Amẹ́ríkà ni pé ẹsẹ̀ bàtà 8 wọn kì í ṣe íńṣì 96. Igi ìdúró ògiri ti gé láti ilé ìtajà, 92 5/8. Igi pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀, méjì wà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní íńṣì 1½. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 97 1/8. Ẹni tó bá kọ 96, ògiri rẹ̀ ti kúrú kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kóòsì Bàbá náà ni, igi ló yàtọ̀.

BíríkìlàÀgbà
Ẹ gbọ́? Òyìnbó náà ń ka kóòsì.

TèmiNiParapet, Ìkòròdú
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Tèmi, onílé ò fẹ́ rí òrùlé sójú. Ilé mítà 9 ní ìbú, òrùlé inú dà sí ìhà méjì, dígírì 10, gọ́tà kọnkéré 600 wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ògiri. Parapet, ògiri tó yọ kọjá òrùlé láti bò ó, ga ní 750. Nínú 3D, ṣóńṣó ṣì ń yọ. Nígbà tí mo tẹ Finish, ó bi mí bóyá kí ògiri lẹ̀ mọ́ òrùlé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, parapet bá pòórá.

ÌyáAyàwòrán
“No” ni wàá máa dáhùn, ó kéré tán lórí ilé parapet. Attach ń gé ògiri mọ́ abẹ́ òrùlé, parapet rẹ sì kọjá òrùlé, nítorí náà ó gé e. Detach, kí o fi Top Offset gbé e sókè láti Orí Ògiri. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń bi àwọn tó ń ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tí wọ́n bá tẹ́ dẹ́kìn. “No” ni kí wọ́n tẹ̀ títí wọn á fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Wá ká ṣírò tìrẹ. Ìdajì ilé 4500. Yọ ògiri 225, yọ gọ́tà 600, ó ku 3675 tí òrùlé fi ń gòkè. Tan 10 jẹ́ 0.176, ó gòkè ní 648. Ṣé etí gọ́tà tí igi jókòó lé ga ju lẹ́fẹ̀lì lọ?

TèmiNiParapet
Bẹ́ẹ̀ ni, 150.

ÌyáAyàwòrán
798 nìyẹn. Igi àti páànù gba 150 míì, ó ń lọ sí 950. Parapet 750 kò lè bo 950, kódà bó o bá kùn ún ní dúdú. Ọ̀nà méjì: gbé parapet dé 1050, tàbí dín dígírì kù sí 5. Ní dígírì 5, òrùlé á gòkè ní 322 péré, àpapọ̀ 622, 750 á bò ó. Ṣùgbọ́n má yan 5 kí o tó bi ẹni tó ń ta páànù fún ọ nípa dígírì tó kéré jù tí páànù rẹ̀ lè gbà, àti bóyá ó lè fún ọ ní páànù tó gùn láti ṣóńṣó dé gọ́tà láì ní ìsopọ̀. Omi tó bá dúró níbi ìsopọ̀ kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi á gbé parapet sókè. Aládùúgbò tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì á ṣáà rí òrùlé yẹn bó ti wù kó rí, sọ fún onílé.

Ará_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohun tí ẹ ń sọ yìí ló ń pinnu bóyá èèyàn máa gba ìwé àṣẹ tàbí kò ní gbà á. Bí a bá ń fa ẹ̀yìn ilé gùn, tí ibi tuntun náà sì wà láàárín mítà 2 sí ààlà, etí òrùlé ò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 3, bí a bá fẹ́ kọ́ ọ lábẹ́ permitted development (kíkọ́lé láì gba ìwé àṣẹ). Iṣẹ́ kan tí mo yà, mo fi abẹ́ òrùlé sí 2800 ní ojú ìta ògiri, mo ní mo ṣẹ́ 200 kù. Káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, dá a padà.

Orí òrùlé ni wọ́n ń wọn níbí! Wọ́n á fa ojú ìta ògiri lọ sókè títí á fi kan orí òrùlé, wọ́n á wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀. Òrùlé mi sanra ní 220, dígírì 15. Bó bá da gẹ̀rẹ́, sísanra rẹ̀ ní òòró jẹ́ 220 pín sí cos 15, ìyẹn 228. 3028. Mítà 3 àti ìka kan. Láti ìgbà náà, mo ti ní lẹ́fẹ̀lì kan tí mo pè ní Etí Káńsù, ó wà ní 3000 láti orí ilẹ̀ ìta, inú gbogbo section mi ló wà, pupa ni àwọ̀ rẹ̀.

ArchiCADNìkan
Etí Káńsù! Mo ti jí orúkọ yẹn.

SketchUpLóòótọ́
Ìbéèrè kékeré: èmi tó ń lo SketchUp, tí mi ò ní lẹ́fẹ̀lì ńkọ́?

ÌyáAyàwòrán
Fi Tape Measure fa ìlà atọ́nà sí 0, sí orí ògiri, sí orí wall plate. Kọ́kọ́ ya section ilé náà bí ojú pẹrẹsẹ kan, rafter àti gbogbo ẹ̀, kí o tó Push/Pull ohunkóhun. Kí ògiri àti òrùlé wà nínú group ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra wọn.

ỌmọDráfítì
Mo tún dé. Mo ti fi ohun gbogbo sí i: Orí Ògiri 3225, wall plate 50, ìyọsíta 600 fún ilé àti ìloro. Section mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àwòrán òrùlé láti òkè, etí rẹ̀ nìkan ni mo rí, ihò ńlá kan wà láàárín. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

ÌyáAyàwòrán
O ò ba nǹkan kan jẹ́. View Range ni, ibi tó ń sọ gíga tí àwòrán òkè ń rí. Cut plane rẹ, gíga tí àwòrán náà ti ń gé ilé, wà ní 1200 lókè lẹ́fẹ̀lì yẹn, ṣóńṣó rẹ sì fi bí 2300 ga jù ú lọ, ó ń gé òrùlé rẹ lórí bí ẹyin. Gbé Cut plane sí 3000, gbé Top náà síbẹ̀.

ỌmọDráfítì
Ó ti dí! Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, Bàbá, àti ọ̀gá kápẹ́ńtà. Mo fẹ́ tún un tẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí sáìtì báyìí.

BíríkìlàÀgbà
Dúró ná. Fi section náà síbí, kí n kọ́kọ́ ka kóòsì rẹ̀.